Ta ló ní kí rélùwéè má gba ìlú wa kọjá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ Ọ̀fà kan níbi iṣẹ́ wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Tí ọ̀rọ̀ ìlú bá ti ṣẹlẹ̀ báyìí, bọ̀dá yìí á ní "ẹ̀yin tí ẹ ò ní tẹ́ṣàn", inú á sì bí mi. Bàbá tó bí bàbá mi sọ fún wa nígbà tó wà láyé pé òyìnbó fẹ́ kí ojú irin gba Ògbómọ̀ṣọ́, ọba ayé ìgbà yẹn ló ní rárá, pé ariwo ẹ̀ á dààmú ìlú, pé àwọn ọ̀dọ́ á máa bá a sá lọ. Mo sọ ọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní irọ́ ni. A ti wá fi nǹkan lélẹ̀ báyìí o: tó bá jẹ́ òótọ́, òun á ra àmàlà fún gbogbo òfìsì, tó bá jẹ́ irọ́, èmi ni mo máa rà á. Èèyàn mẹ́rìndínlógún la jẹ́. Ìkejì, mo gbọ́ pé ará Íńdíà ni òyìnbó kó wá ṣe rélùwéè ti Kẹ́ńyà, ṣé àwọn náà ló ṣe tiwa ni àbí àwọn wo?

* * *

Àbúrò, má tíì lọ ra èlùbọ́, ṣùgbọ́n máa tọ́jú owó.

Ìtàn bàbá yín yẹn, Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan kọ́ ló ni ín. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ará Ọ̀yọ́, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ará Iléṣà, ará Ìjẹ̀bú kan sọ ọ́ fún mi nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni pé ìṣojú ẹ̀ ló ṣe. Ìlú tí ojú irin ò bá ti gbà, ọba wọn ló kọ̀ ọ́. Èyí tó gbà, ọba wọn gbọ́n. Ó dùn létí, kò sì dójú ti ẹnikẹ́ni, torí ó sàn kéèyàn sọ pé àwa la kọ̀ ju pé wọn ò tiẹ̀ bi wá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ní 1892 òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ní 1893 Gómìnà Carter yí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ká, ó tú àgọ́ ogun Kírìjì, Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé. Oṣù Kọkànlá 1895, ọ̀gá sójà kan tó ń jẹ́ Bower da ọta bo Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ Aláàfin o, kì í ṣe abúlé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Ìddó. Ṣé nínú irú àsìkò yẹn lọba kan á jókòó sórí àwọ̀ ẹkùn á ní òun ò fẹ́ ariwo, kí òyìnbó wá ní "kábíyèsí, ẹ má bínú" kó sì ká irin ẹ̀ nílẹ̀? Àwọn Ẹ̀gbá nìkan ni wọ́n jókòó bá dúnàá-dúrà gidi torí àdéhùn 1893 gbà pé wọ́n ń ṣe ìjọba ara wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n yá ìjọba Èkó nílẹ̀ tí ojú irin gbà. Ọkọ̀ sì kọjá náà.

Fún ẹni tí ò bá mọ ibi tó gbà: Ìddó, Agége, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn. Oṣù Kẹta 1901 ni wọ́n ṣí ti Ìbàdàn, bíi máìlì 120 sí Èkó. Ó dúró síbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ó wá gba ọ̀nà Ìwó, Ẹdẹ, ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìkìrun, Òkukù, Ọ̀fà, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Kí ẹ má baà ní mo ń fi nǹkan pamọ́, ọmọ Òkukù ni mí níhà ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ìyá ìyá mi ta ọ̀jọ̀jọ̀ ní tẹ́ṣàn yẹn títí ó fi darúgbó.

* * *

Wọ́n ti ń bú mi nísàlẹ̀ yìí pé kí n lọ wo máàpù. Pé láti Ìbàdàn sí Ìlọrin, ọ̀nà tó tọ́ ni Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ló wá gbé ojú irin gba Òṣogbo tí kì í bá ṣe pé ẹnìkan lé e?

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, òun gan-an ló yẹ ká jà lé lórí. Òótọ́ ni. Ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń tọ̀ láti ayébáyé, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, òun ló tọ́, òun náà ni títì mọ́tò gbà dòní. Ojú irin ló yà, ó sì yà sọ́tùn-ún gan-an ni.

Ibi tí gbogbo wa ti ń ṣì í ni pé à ń rò ó bí ẹni pé ẹnìkan jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ kan, ó mú rúlà, ó fa ìlà láti Èkó dé Kánò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, owó tán wọ́n dúró, owó dé wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé Ìbàdàn, ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa dé Ìlọrin, bí kò ṣe ibi tí ẹrù wà tó máa san gbèsè tó wà nílẹ̀. Òwú sì ni gbogbo ẹnu ń sọ nígbà yẹn. Àwọn tó ní ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Lancashire ń bẹ̀rù pé òwú Amẹ́ríkà ò ní tó wọn mọ́, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1902, British Cotton Growing Association, pé kí wọ́n lọ máa wá òwú káàkiri ilẹ̀ tí ọba wọn ń jẹ lé lórí. Wọ́n wo ìhà Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkìrun, wọ́n rí òwú níbẹ̀, wọ́n rí epo àti èkùrọ́, wọ́n tún rí i pé Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà lẹ́yìn tí wọ́n máa ru ẹrù wá. Wọ́n wo ìhà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dàn ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pẹ ò tó tọ̀hún. Ojú irin bá yà. Nígbà tó sì ti dé Òṣogbo tán, ta ló máa tún gbé e padà sí ìwọ̀ oòrùn torí kó lè kí Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹrù ni wọ́n ń wá. Iléṣà kì í ṣe ìlú kékeré, Ifẹ̀ kì í ṣe ìlú kékeré, kò gba ibẹ̀ náà. Òkukù tiwa kéré sí gbogbo wọn, ó gba ibẹ̀, kì í ṣe pé ọba wa gbọ́n ju tiyín lọ.

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ ẹ má sunkún jù ṣá. Títì tí mọ́tò lè gbà tí wọ́n kọ́kọ́ là ní gbogbo Nàìjíríà, Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni, 1906, kí ẹrù àti lẹ́tà lè bọ́ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn kí mọ́tò gbé e délé. Kí ọmọ Ọ̀fà wá fi mọ́tò àkọ́kọ́ dá yín lóhùn.

* * *

Ẹnìkan kọ ọ́ pé òyìnbó ló fi owó ara wọn ṣe é fún wa, ká máa dúpẹ́ ká yé jà lórí tẹ́ṣàn.

Rárá o. Ti Mombasa, ìyẹn ti Kẹ́ńyà, ni ìjọba wọn fi owó tiwọn ṣe, ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn. Tiwa, Èkó ló yáwó, Èkó ló sì ń san án, tòun ti èlé. Níbo ni Èkó ti rówó? Kò tíì sí owó orí nígbà yẹn lọ́dọ̀ wa, owó ibodè ni wọ́n ń gbà lórí ọjà tó ń wọlé, èyí tó sì pọ̀ jù nínú owó ibodè yẹn, orí ọtí ló ti ń wá. Jíìnì, rọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń kó wá láti Jámánì àti Họ́láńdì. Nítorí náà gbogbo bàbá tó bá ti da jíìnì sọ́fun níbi ìnáwó òkú nígbà yẹn, ó ti bá wọn gbé sílípà kan kalẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ ojú irin. Ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá yín tó mutí.

Èkó pàápàá ò sì dákẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń ná an. Herbert Macaulay, tó jẹ́ sọ̀fíyọ̀ tó mọ ilẹ̀ wọ̀n, ti ń pariwo lé Gómìnà Egerton lórí lórí ìnáwó rélùwéè láti 1908.

Iṣẹ́ kan sì máa ń bí òmíì ni. Ojú irin parí sí Ìddó, ẹrù gbọ́dọ̀ dé erékùṣù, ó di dandan kí wọ́n kọ́ bíríìjì, Carter Bridge, 1901 náà ni. Ẹrù dé erékùṣù, ọkọ̀ òkun ńlá ò lè wọ ọ̀sà torí yanrìn tó dí ẹnu ẹ̀, ẹrù Èkó ní láti lọ yíra padà sínú ọkọ̀ míì ní Forcados lọ́hùn-ún, ẹ fojú inú wò ó. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n kó òkúta sínú òkun kó di odi, kí omi lè máa gbá yanrìn lọ. Òkúta yẹn, Àró l'Ábẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ ọ, ọkọ̀ ojú irin ló ń kó o wá. Ẹni tó bá lọ síbi odi òkúta yẹn l'Ékòó lónìí, òkúta Ẹ̀gbá ló ń tẹ̀.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ àwọn ará Íńdíà. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí torí pé ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ méjèèjì, 1896, ọdún kan náà ni wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ, Èkó dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ 1901, Mombasa dé adágún Victoria ní ìparí ẹ̀. Òyìnbó kan náà. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún wọ́n kó bíi 32,000 lébìrà láti Íńdíà. Bíi 2,500 ló kú nínú wọn, àìsàn àti ìjàǹbá ló pa èyí tó pọ̀ jù, kìnnìún náà pa díẹ̀ ní Tsavo ní 1898, òun làwọn èèyàn sì mọ̀ jù torí pé ìtàn kìnnìún dùn ju ìtàn ìgbẹ́ gbuuru lọ. Bíi 6,700 dúró síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Òun ló jẹ́ kí ará Íńdíà pọ̀ ní Nairobi dòní, pẹ̀lú àwọn oníṣòwò tó wá bá wọn.

Kí ló dé tí wọn ò kó wọn wá sí Èkó? Àwọn kan ní torí pé Íńdíà jìnnà. Ìyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an. Lọ́hùn-ún, ilẹ̀ gbígbẹ tí kò sí omi ni ojú irin kọ́kọ́ gbà, èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó sì wà níbẹ̀ ní màlúù tiwọn, ní oko tiwọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣílè òyìnbó ṣe? Tiwa yàtọ̀. Ìlú ńláńlá ló kún ọ̀nà. Ogun Kírìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún géńdé wà nílẹ̀ tí wọn ò mọ iṣẹ́ kankan ju ogun lọ, ọkọ́ wọn ti dípẹtà. Ẹrú wà, ìwọ̀fà wà. Wàyí o, ibì kan ṣí sílẹ̀ tí wọ́n ti ń fi owó wẹ́wẹ́ sanwó iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò bi ẹ́ pé ọmọ ta ni ẹ́. Ẹrú sá lọ síbẹ̀. Àwọn ìjòyè Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá fi ẹjọ́ sùn títí, pé ojú irin ń kó ẹrú àwọn lọ.

Bàbá tó bí ìyá ìyá mi wà nínú wọn, ìyẹn nígbà tí iṣẹ́ dé ìhà Ìkìrun. Ìwọ̀fà ni wọ́n fi í ṣe torí owó tí bàbá ẹ̀ yá fi sìnkú. Ó ru sílípà, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sanwó ẹ̀, ó bọ́. Bàbá Onírin ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú. Nílé wa tí ẹnìkan bá ń bú òyìnbó jù, àwọn ìyá àgbà á ní kó rọra, pé irin ló rà wá padà. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn tán, òyìnbó ò gbé irin wá torí kó lè ra bàbá wa padà. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún wọn pé wọ́n purọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó gba ẹ̀kọ́, Sàró tó ti Sierra Leone dé ni akọ̀wé, Àgùdà tó ti Brazil dé àti ará Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, wà nínú káfíńtà àti bíríkìlà, òyìnbó ni ẹnjiníà, ibà sì ń pa wọ́n.

* * *

Ẹni tó ní "owó wo, òyìnbó fi kùm̀mọ̀ kó wọn lọ ni": àwa méjèèjì la jàre, iṣẹ́ tí à ń sọ ni kò papọ̀.

Ojú irin Èkó sí Òṣogbo, owó ni ọ̀pọ̀ wọn tọ̀ lọ. Ẹ̀rí ẹ̀ rèé: oṣù Kẹjọ 1897, àwọn òṣìṣẹ́ PWD Èkó, ìyẹn Public Works Department, ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba, dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Gómìnà McCallum ló ní owó wọn pọ̀ jù, ó fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ padà kó sì dín owó kù. Wọ́n jókòó sílé. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń jẹ́ yúníọ̀n o! Gómìnà fúnra ẹ̀ ló rọ ohùn sílẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò bẹ̀rù? Torí pé rélùwéè náà ń wá lébìrà lákòókò yẹn, tí PWD bá lé ẹ, wàá gba Ìddó lọ. Ẹni tí wọ́n fi kùm̀mọ̀ kó kì í dáṣẹ́ sílẹ̀.

Títì ló burú. Iṣẹ́ títì lílà, àwọn ìjòyè ni wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n kó èèyàn wá, ìjòyè á sì nawọ́ sí ọmọ tálákà. Nígbà tí wọ́n tún wá da owó orí lé e l'Ábẹ́òkúta ní 1918, ogun Àdùbí bẹ́. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ? Wọ́n hú ojú irin, wọ́n gé wáyà. Ojú irin kan náà tí àwọn baba wọn yá ìjọba nílẹ̀ fún. Ti òkè ọya náà, Baro sí Kánò, láàárín 1907 sí 1911, àwọn ọba ibẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n kó lébìrà wá, kì í ṣe ìfẹ́ inú. Ẹ má wá fi ti ibì kan wọn ibòmíì.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé ṣé kò sí àlejò kankan tó wá torí rélùwéè wa nígbà náà. Ó wà o, ẹ sì ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ láràárọ̀. Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, dé síbí ní 1913 láti ṣe akọ̀wé ní rélùwéè. Ó fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀ nígbà tó yá, ní 1921 òun àtìyàwó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì yíyan ní Èbúté Mẹ́ta, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun wá, ó di gbajúmọ̀. Búrẹ́dì tó ki, tó rọ̀, tó ń fà, tí gbogbo wa ń pè ní ti Agége lónìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ìdí ẹ̀ ti ṣẹ̀. Àwọn Kóráà náà, ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù, orí àtẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, bí ojú irin ṣe ń lọ làwọn náà ń tẹ̀ lé e lọ sí Ìbàdàn, Òṣogbo, wọ́n di ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ.

Ẹni tó kọ "kí ló kan búrẹ́dì nínú ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́", ẹ má bínú, ebi ló ń pa mí.

* * *

Ó dáa, Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tí mo ti fẹ́ bá ọ̀rẹ́ ẹ ọmọ Ọ̀fà jà nìyí.

Ẹ lọ sí Jọ́ọ̀sì, ẹ lọ sí Kánò, ẹ béèrè ibi tí àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ níbẹ̀ ti wá. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin. Ẹ rékọjá lọ sí Tamale ní Gánà, Ògbómọ̀ṣọ́ tún ni. Ìlú tí kò ní tẹ́ṣàn, òun ló wà nínú àwọn tó kún ọkọ̀ jù! Wọ́n á ru ẹrù wọn lórí dé Òṣogbo tàbí Ọ̀fà, wọ́n á wọkọ̀ níbẹ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí Kánò ṣí ní 1911, kò tíì sí bíríìjì ní Jẹ́bà, orí pàǹtúùn, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó ń léfòó lórí omi, ni wọ́n ń gbé wágọ̀nù lé sọdá odò Ọya títí di 1916. Àwọn èèyàn yìí gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú aṣọ òkè, pẹ̀lú obì, wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wa tánganran ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé ìlú tí ojú irin wọ̀, ọjà ló bá wọn nílé. Òṣogbo jókòó, ilé-iṣẹ́ òyìnbó wá bá a, wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú tẹ́ṣàn. Ìlú tí kò wọ̀, àfi kí wọ́n dìde. Ìjẹ̀bú náà ńkọ́? Kò sí ojú irin níbẹ̀ dòní, ẹ sọ ìlú kan fún mi tí kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń tajà níbẹ̀.

Kì í sì ṣe ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n ń rìn sí. Haúsá gba ojú irin yẹn sọ̀ kalẹ̀ wá ra gbànja ní Agége, Sábó tó wà n'Íbàdàn, 1916 ni wọ́n yàn án fún wọn. Àwọn tiwa náà ti gba ojú omi lọ sí Gold Coast láti ìgbà tí wọ́n ń ṣe rélùwéè Sekondi sí Kumasi, 1898 sí 1903, l'Ékòó ni wọ́n ti wá kó lára àwọn lébìrà náà. Nígbà tí Busia, olórí ìjọba Gánà, wá ní kí àlejò tí kò ní ìwé máa lọ ní 1969, inú ilé tí wọ́n bí bàbá ẹlòmíì sí ni wọ́n ti lé e. Ìyá kan ládùúgbò wa tó bá wọn dé nígbà yẹn, títí ó fi kú, Twi, èdè Gánà, ló fi ń ka owó.

* * *

Mo rí i pé gbogbo yín ti sá lọ sórí rélùwéè tuntun, ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀. Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí ní 2021, kìlómítà 157, àwọn ará Ṣáínà ló ṣe é. Ariwo tí ẹ ń pa pé kí ló dé tí wọ́n gbé tẹ́ṣàn Ìbàdàn sí Mọníyà, kí ló dé tí ti Abẹ́òkúta wà ní Láderin, pé ó jìnnà sí ìlú, ariwo kan náà làwọn bàbá yín pa. Ní 1901 ẹ̀yìn ìlú gbáà ni ibi tí wọ́n fi ṣe tẹ́ṣàn Ìbàdàn, ìlú ló gbéra lọ bá a ló fi di Dùgbẹ̀ tí ẹ mọ̀. Ilẹ̀ tó ṣófo ni wọ́n máa ń wá, torí pé owó gbà-má-bínú ibi tílé wà máa ń pọ̀.

Mo gbà pẹ̀lú ẹni tó ní ìyẹn ò ran òun lọ́wọ́ lónìí ṣá. Ìgbà kan tí mo sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́, awakọ̀ kan wo báàgì mi, ó wo ojú mi, iye tó pè, ó ku díẹ̀ kó tó owó ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀ láti Èkó. Mo san án. Òjò ń rọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni pé lásìkò bàbá àgbà mi, lébìrà lè bínú lọ sí PWD, lè ti PWD bínú lọ sí rélùwéè. Nísinsìnyí ẹ̀rọ ló ń gbé sílípà kalẹ̀, ọwọ́ èèyàn tó ń lò ò pọ̀. Irin tuntun ò lè ra ìwọ̀fà kankan padà.

* * *

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: Ẹ ṣeun gan-an sà. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún un lánàá. Ta wá ló ni àmàlà?

* * *

Àmàlà, ìwọ lo máa rà á, ọba kankan ò kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹran, òun ni kó rà á, torí "ẹ̀yin tí ẹ ò ní tẹ́ṣàn" tó ń pè yín, àwọn tí kò ní tẹ́ṣàn ló ń sanwó ọkọ̀ tí tẹ́ṣàn tiwọn fi ń ṣiṣẹ́. Kó ra ṣàkì mọ́ ọn.

* * *

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: Ó ní òun ò gbà o. Ó ní ọmọ Òkukù lẹ pe ara yín, tẹ́ṣàn wà nílùú tiyín náà, pé ẹ ò lè dájọ́ láàárín Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́.

* * *

Sọ fún un pé mo dé tẹ́ṣàn Òkukù lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá. Ewúrẹ́ mẹ́ta ni mo bá lórí pepele tí ìyá ìyá mi ń pàtẹ ọ̀jọ̀jọ̀ sí, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ, wọn ò tiẹ̀ yí ojú wò mí. Kí ó ra ẹran.